Ọkọ̀ Yín Ń Dán, Màámi Ń Wá Yín

Bàbá mi, oní Ilé Onítáyà,

Èmi àbíkẹ́yìn yín ni mo ń kọ̀wé yìí. Orí àtẹ̀gùn ọkọ̀ yín ni mo jókòó sí, ibẹ̀ há, kò gba ìkúnlẹ̀, nítorí náà ẹ gbà pé mo ti kúnlẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fèsì. Nígbà tí ẹ wà láyé pàápàá, ẹ kì í fèsì sí lẹ́tà. Ẹ ó kàn di iṣu rán awakọ̀ kan sí mi ní Ìṣẹ́yìn, iṣu yẹn náà ni èsì. Mo ti jẹ èsì yín púpọ̀, Bàbá. Ó wù mí kí n tún jẹ ọ̀kan sí i.

Ẹjọ́ ni mo ní láti rò. Mo fọ ọkọ̀ yín. Mo fọ̀ ọ́, mo fi ìda oyin kùn ún, mo nù ún títí ó fi ń dán bí ìgbà tí ọwọ́ yín wà lára rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Màámi kò ti sinmi ẹkún. Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín bó ṣe rí, kí ẹ tó bínú sí mi.

Eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já nígbà tí ẹ wà á wọ àdúgbò, ṣùgbọ́n mo rántí. Àwọn òyìnbó tó ń ṣe títì ni ẹ ń wakọ̀ fún nígbà náà. Inú ọkọ̀ yẹn ni ọ̀gá wọn ń sùn sí nínú igbó, ọkọ̀ funfun tó ní ìlà aláwọ̀ ewé ní ẹ̀gbẹ́, tó ní ibùsùn, tó ní sítóòfù, tí wọ́n ta kọ́tìnnì sí fèrèsé rẹ̀. Nígbà tí títì parí, tí òyìnbó ń padà sílé rẹ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé yín lọ́wọ́, ó ní ẹ ṣeun. Gbogbo Ṣakí tú jáde wá wò ó. Ìyá Ràṣídì, tí ilé rẹ̀ kan tiwa, bèèrè bóyá ẹ fẹ́ kó kúrò nílé ni. Ẹ ní rárá, ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín yín, wọ́n sọ yín ní oní Ilé Onítáyà. Ta ló ń gbafẹ́ lọ́dọ̀ wa, níbi tí oko ti ń pe èèyàn láàárọ̀ tí ó tún ń pè é nírọ̀lẹ́?

Ẹ̀yin gbafẹ́. Lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó lọ, ẹ bọ́ sórí lọ́rì tó ń kó iṣu lọ sí Èkó, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ráyè sinmi, ẹ ó gbé Màámi sí iwájú, ẹ ó kó èmi àti Bùọ̀dá Gàníyù sẹ́yìn, ó di etí odò Ìkéré. Ọjọ́ mìíràn ó di ẹsẹ̀ òkè Adó-Àwáyè. Ẹ ó na àtíbàbà tó ń yọ lára ọkọ̀, Màámi á dáná, a ó jẹun, a ó sì sùn síbẹ̀ mọ́jú. Àwọn ẹlẹ́ja á wá máa wò wá bí ẹni wo ìyàwó tuntun. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ìdílé mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀.

Ṣùgbọ́n kí á sọ òótọ́, fífọ̀ rẹ̀ gan-an ni ìgbafẹ́ yín. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí ara ọkọ̀ tó gbóná, màá gbọ́ ìró omi láti orí òrùlé rẹ̀. Bísímílà, apá ọ̀tún, láti òkè wá sílẹ̀. Ẹ kì í jẹ́ kí aṣọ kan eruku gbígbẹ. Ẹ ní yanrìn ló wà nínú eruku Òkè-Ògùn, ẹni tó bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún, sáńpépà ló fi ń họ ọkọ̀ rẹ̀. Omi ni kó kọ́kọ́ gbé e lọ. Lẹ́yìn náà, garawa méjì, ọ̀kan fún ọṣẹ, ìkejì fún omi lásán tí ẹ fi ń ṣan aṣọ kí ẹ tó tún tì í bọ ọṣẹ. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ yín ń fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ tiwọn, wọ́n á fi kẹrosíìnì ra á, á dán gbinrin títí di ọ̀sán. Tó bá di ọjọ́ kejì, eruku á ti lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀dà á sì máa ṣá díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin, ṣáǹpú ni. Nígbà tí mo di onídìrí tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Ìṣẹ́yìn, ọ̀nà là fún yín. Bàbá ẹlòmíràn á wá wo ọmọ rẹ̀ bóyá ó jẹun. Ẹ̀yin á gba ìkíni mi, ẹ ó mu omi, ẹ ó wo àwọn oníbàárà mi lórí àga, ẹ ó wá rọra bèèrè bóyá ṣáǹpú kù nílẹ̀.

Ìda oyin ló kàn tí ara rẹ̀ bá gbẹ. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fa oyin ní Àgọ́-Àmọ̀dù ni ẹ ti ń rà á. Ẹ ó yọ́ ọ nínú agolo tí ẹ gbé ka inú omi gbígbóná, ẹ ó fi epo díẹ̀ là á kó rọ̀, ẹ ó wá máa fi àkísà rírọ̀ ra á ní róbótó-róbótó, ibi tí kò tóbi ju àwo ìjẹun lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá kí yín nígbà náà, ẹ kì í gbọ́. Òrí ni ẹ ń fi pa rọ́bà etí ilẹ̀kùn àti ti fèrèsé, kí ọyẹ́ má baà sán an. Òrí tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín, ẹ ó ní kí Màámi na ẹsẹ̀, ẹ ó fi pa gìgísẹ̀ rẹ̀. Màámi á ní, ṣé òun náà ti di rọ́bà ilẹ̀kùn ni? Ẹ kì í dá a lóhùn, ẹ ó kàn máa pa á lọ. Bàbá, mò ń dìrí fún obìnrin lójoojúmọ́, mo sì ń gbọ́ ẹjọ́ ọkọ lẹ́nu gbogbo wọn. Mi ò tíì pàdé èyí tí ọkọ rẹ̀ ń fi òrí pa á ní gìgísẹ̀.

Ẹ kì í jẹ́ kí a bá yín fọ̀ ọ́. Ìgbà kan tí ẹ lọ Èkó, Bùọ̀dá Gàníyù ní òun fẹ́ ṣe yín lóore, ó fi àpò ìrẹsì gbígbẹ nù ún. Nígbà tí ẹ dé, ẹ ò nà án, ẹ ò bú u. Ẹ kàn fi ìka yín tẹ̀lé àwọn ìlà tó họ sí i, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ sì wọlé. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá lọ àjò, eruku ló ń jókòó sí i. Bí lọ́rì yín bá dé ní ìdájí, kí ẹ tó jẹun, kí ẹ tó bọ́ bàtà, ọkọ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ fọ̀. Màámi kì í bèèrè bóyá ẹ ti dé. Á wo ojú fèrèsé, á rí i tó ń dán, á lọ dáná. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ di òfin, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Eruku lára ọkọ̀, Bàbá wà lájò. Ọkọ̀ ń dán, Bàbá wà nílé.

Ṣé ẹ rò pé a ò mọ̀ pé Màámi ti ń gbàgbé nǹkan kí ẹ tó lọ? Ẹ bò ó mọ́ra. Bí ó bá bi yín ní ìbéèrè kan náà léraléra, ẹ ó dá a lóhùn bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè ni. Bí ó bá da iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó jẹ ẹ́, ẹ ó mu omi lé e. Ọjọ́ kan tí mo wá kí yín, ó wojú mi, ó bèèrè pé ọmọ ta nìyí. Ẹ sáré gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ní, "Ìyá Gàníyù, ṣé o ò rí i pé ó ti sanra ni?" Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Mo sunkún nínú mọ́tò títí mo fi kọjá Ìpapó. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ṣé ẹ̀rù ń bà yín pé màá gbé e kúrò lọ́dọ̀ yín ni? Ṣé ó máa ń rẹ̀ yín nígbà mìíràn?

Nígbà tí àìsàn yín dé, ó dé bí ẹni tó ń kánjú. Ìrọ̀lẹ́ ni a gbé yín lọ sílé ìwòsàn, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti parí. Mo di ọwọ́ yín mú. Ẹ ń wò mí, ètè yín ń mì, ọ̀rọ̀ kò jáde. Mo ti rò ó títí, ohun tí ẹ fẹ́ sọ yẹn. Nígbà mìíràn màá ní ọ̀rọ̀ Màámi ni. Nígbà mìíràn màá ní ṣáǹpú ni, màá sì rẹ́rìn-ín. A sin yín kí oòrùn tó yí, bí ẹ̀sìn wa ti wí.

A sọ fún Màámi. Ó ké. Ó ké títí ó fi sùn lọ. Nígbà tó jí, ó ní, "Bàbá Gàníyù dà?" A tún sọ fún un, ó tún ké bí ẹni tí kò gbọ́ rí. Ẹkún kejì yẹn burú fún mi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ti àkọ́kọ́, èmi náà ń sunkún tèmi. Ní ti ìkejì, ńṣe ni mo jókòó tí mò ń wo ọ̀rọ̀ ẹnu mi bó ṣe ń wọ̀ ọ́ lára.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, mo padà sí Ṣakí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín ni mo ti ń dìrí báyìí. Ọ̀rọ̀ náà ń lọ bẹ́ẹ̀, kí n máa sọ kó máa ké, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tó dúró lójú fèrèsé tó ń wo ọkọ̀ yín lábẹ́ páànù tí ẹ kọ́ fún un. Ọyẹ́ ti wọlé dé, eruku pupa ti bò ó láti òkè délẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ojú rẹ̀ wá rọ̀. Ó ní, "Áà, wọ́n lọ àjò ni. Wo eruku lára ọkọ̀ wọn." Ó jókòó, ó gba ògì bàbà lọ́wọ́ mi, ó mu ún tán. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti jí, ojú fèrèsé ni. Tó bá ti rí eruku, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Nígbà mìíràn á ní, "Àjò kì í dùn kí onílé má relé," á padà sórí àga rẹ̀, á máa tọ́jú aṣọ yín, á ká a, á tún tú u ká. Mi ò sọ fún un pé ẹ lọ àjò, Bàbá. Mo kàn dákẹ́ ni. Ìyá Ràṣídì ní kí n máa dákẹ́ bẹ́ẹ̀, pé Ọlọ́run ló fi eruku ṣàánú obìnrin yẹn.

Kí ló wá gbé mi dé ìdí fífọ̀ rẹ̀? Ojú ló ń tì mí fún yín. Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ kù dẹ̀dẹ̀, àkọ́kọ́ tí ẹ ò ní sí níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn èèyàn yóò wá kí wa. Àwọn ọmọdé ti fi ìka kọ orúkọ wọn sára ọkọ̀ yín. Adìẹ Ìyá Ràṣídì ti sọ òrùlé rẹ̀ di ibùsùn, ìgbẹ́ wọn sì ti ń jẹ ọ̀dà. Mo fi ìka tọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò, ohun funfun bí ẹfun bá mi lọ́wọ́. Rọ́bà ilẹ̀kùn ti ń sán. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, ẹ ti sọ ọ́ fún mi tó. Ọkọ̀ yín ń kú, ìṣojú mi ló sì ń kú. Ẹni tí mo wò tó kú ti tó mi.

Mo ṣe é bí ẹ ti ń ṣe é. Ìyá Ràṣídì mú Màámi lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí wọ́n jọ máa pa ẹ̀gúsí. Mo gun àkàbà. Mo ní bísímílà, mo da omi sí apá ọ̀tún. Omi tó kọ́kọ́ ṣàn wálẹ̀ pupa bí osùn. Nígbà tó yá ó ń mọ́ bọ̀. Mo bu ṣáǹpú tèmi, èyí tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù, èyí tí mi ò jẹ́ fún yín rí, tí mo máa ń fi pamọ́ sẹ́yìn dígí tí ẹ bá ń bọ̀. Mo fọ̀ ọ́ bí orí oníbàárà tó ń bọ̀ wá ṣègbéyàwó. Mo dé ibi tí Bùọ̀dá Gàníyù họ, mo fi ìka tẹ̀lé ìlà náà bí ẹ ti ṣe. Mo ń bá yín sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ wà níbẹ̀, mo ń sọ fún yín pé apá òsì le ju ọ̀tún lọ, pé ìgbẹ́ adìẹ kò fẹ́ kúrò, pé mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́ títí ó fi dẹ̀. Nígbà tí mo fi ìda oyin kùn ún tán tí mo nù ún, mo rí ojú ara mi lára rẹ̀, mo sì rí i pé imú yín ni mo gbé. Bàbá, inú mi dùn. Láti ọjọ́ tí ẹ ti kú, inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mi ò rántí Màámi rárá. Ní ilé wa, Màámi ló ń gbàgbé nǹkan, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, èmi ni.

Àárọ̀ ọjọ́ ọdún ló rí i. Mo wà nídìí iná, mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tí mo ti padà wálé. Kí n tó dé yàrá, ó ti wẹ̀. Kò jẹ́ kí n ràn án lọ́wọ́. Ó wọ ìró àti bùbá aláwọ̀ ojú ọ̀run tí ẹ rà fún un, ó lé tìróò. Ó bu omi kún búùtà àlùwàlá yín, ó gbé e síbi tí ẹ máa ń jókòó sí. Ó ní kí n yára din àkàrà, ebi á máa pa ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Mo ń din àkàrà náà. Kí ni kí n ti ṣe?

Àwọn èèyàn ń wọlé wá kí wa kú ọdún. Màámi ń kí wọn káàbọ̀, ó ń sọ fún wọn pé, "Ẹ jókòó, Bàbá Gàníyù wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń bọ̀." Wọ́n á wo ojú mi, èmi á wo ilẹ̀. Nígbà tó yá, ó lọ sẹ́yìnkùlé. Ó wo ilé ìwẹ̀. Ó lọ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ yín, ó wo orí ibùsùn. Ó padà wá bá mi, tìróò rẹ̀ ṣì wà bó ṣe lé e. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, bàbá rẹ dà? Ọkọ̀ wọn rèé tí wọ́n fọ̀, àlùwàlá wọn rèé, mi ò rí wọn." Mo gbá a mọ́ra, mo sọ fún un. Ojú gbogbo àlejò ni mo ti sọ fún un. Bí ó ṣe ṣubú lulẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n kọ ọ́.

Mo rò pé ọjọ́ náà nìkan ni. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọkọ̀ ń dán, Màámi ń wẹ̀, Màámi ń bu omi sí búùtà. Gbogbo àárọ̀ ni ẹ ń dé, gbogbo àárọ̀ ni mo sì ń pa yín fún un. Mo ní kí n fara dà á, eruku á tún bò ó láìpẹ́. Ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Eruku tó bá tilẹ̀ bà lé e, afẹ́fẹ́ díẹ̀ á ti gbé e lọ, nítorí ìda oyin yín kì í jẹ́ kí nǹkan lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí ẹ fi ń dáàbò bò ó láti ọjọ́ yìí wá, òun ló ń dá mi lóró.

Mo yá tapólì tí àwọn onílọ́rì fi ń bo ẹrù, mo bo ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀. Màámi jáde tọ̀ ọ́ lọ, ó ń fà á tu pẹ̀lú ọwọ́ tí kò lágbára yẹn. Ó ní, "Ta ló gbé èyí lé e? Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ sí ọ̀rá lára rẹ̀, atẹ́gùn á fi họ ọ̀dà." Bàbá, ó gbàgbé orúkọ mi lọ́jọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n ó rántí òfin yín. Mo pe Bùọ̀dá Gàníyù ní Èkó. Ó ní bóyá kí a pe àwọn tó ń ra irin àlòkù kí wọ́n wá gbé e lọ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣáà ti kú tipẹ́. Mo dá a lóhùn pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kò bínú. Mo gbọ́ tó ń sunkún. Bí Màámi bá sì jí tí kò bá ọkọ̀ náà níbẹ̀ mọ́, kí ni kí n sọ fún un nígbà náà?

Ohun tí mo ṣe ní ìdájí òní nìyí. Mo lọ bu ilẹ̀ pupa létí títì. Mo fi asẹ́ èlùbọ́ jọ̀ ọ́, kí òkúta má baà sí nínú rẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ kí ó họ ọ̀dà yín. Mo kọ́kọ́ fọ́n ọn bẹ́ẹ̀ ní gbígbẹ, ó yọ̀ wálẹ̀ bí ẹni tí kò rí ibi jókòó. Mo wá fi omi pò ó, mo ti ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́, mo gbé e sókè. Ọwọ́ mi kọ̀. Ọmọ wo ló ń fi ẹrẹ̀ kun ohun tí bàbá rẹ̀ fi gbogbo ayé rẹ̀ nù? Mo wo fèrèsé Màámi. Ó kù díẹ̀ kó jí. Ibi tí mo ti rí ojú ara mi lọ́jọ́sí ni mo kọ́kọ́ kùn. Lẹ́yìn ìyẹn mi ò tún wojú rẹ̀ mọ́, mo kàn ń kùn ún lọ, ìlà aláwọ̀ ewé, fèrèsé, ilẹ̀kùn, mo sì ń fọ́n eruku gbígbẹ lé ẹrẹ̀ tútù lórí kó lè gbà á. Mo ń sọ pé ẹ má bínú. Mo sọ ọ́ títí ó fi ń dà bí orin lẹ́nu mi.

Mi ò mọ ìgbà tí Màámi jáde. Mo kàn yí padà, mo rí i lẹ́yìn mi. Ẹrẹ̀ dé igbọ̀nwọ́ mi, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, kò sí ibi tí mo lè fi wọ́n pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló ń wò. Ó wo ọkọ̀ náà láti òkè délẹ̀. Kò ké. Èjìká rẹ̀ kàn wálẹ̀ díẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n ti tún lọ?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Ó ní, "Wọn ò tiẹ̀ dágbére fún mi."

Kì í ṣe ohùn opó ló fi sọ ọ́. Ohùn ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ ni. Mo ti ń sọ òótọ́ fún un láti ìgbà tí ẹ ti kú, òótọ́ náà ò ṣe é lóore kankan. Mo ní, "Wọ́n dágbére, Màámi. Ẹ ń sùn ni. Wọ́n ní kí á má jí yín." Ó rò ó wò. Ó mi orí. Ó ní, "Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ó sì wọlé lọ gba ògì rẹ̀ mu. Ó ń sùn báyìí tí mo ń kọ èyí.

Bàbá, ẹ fi ọ̀dà yẹn sílẹ̀ fún mi. Bó bá ṣá, kó ṣá. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín sí. Irọ́ tí mo pa yìí, ẹ bá mi sọ ọ́ di òótọ́. Bí wọ́n bá ń jẹ́ kí ẹ jáde níbi tí ẹ wà, ẹ wá sójú oorun rẹ̀, ẹ dágbére fún un. Kò pọn dandan kí ẹ pẹ́. Ẹ jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé ẹ ń lọ. Èmi náà ò gbọ́ tèmi lẹ́nu yín, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo lè dúró. Tirẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ẹrẹ̀ ṣì wà ní èékánná rẹ̀.